Kọfí Ìyàmoyè àti owó ilé Èkó

Bí ẹ bá gba Lọ́kọ́ja wọ Kábbà, tírélà símẹ́ńtì Ọ̀bájánà lẹ ó máa yà fún. Nígbà tí a kọjá Kábbà, a forí lé Ìyàmoyè, lápá ibi tí ilẹ̀ Okun ti bá Èkìtì pààlà. Kọfí ni mo wá wò.

Ọyẹ́ ti mú. Wọ́n sá kọfí sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èso tó pupa lórí igi ti ń dúdú. Bàbá tó ni oko jẹ́ "Ọ̀kun o" mi, ó sì fọ́ ọ̀kan hàn mí: hóró méjì ló dojú kọra nínú rẹ̀. Robusta ni, irú èyí tó korò, tí wọ́n sábà ń lò fún kọfí inú agolo. Arabica, irú tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla, ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kọfí ńlá fẹ́; Starbucks, ilé-iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọfí ńlá ti Amẹ́ríkà, ò tilẹ̀ ra òmíràn. Bàbá ní ayé bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, dára ju báyìí lọ. Ìjọba tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, alágbàtà ló wá ń dá iye lé ọjà olóko.

Mo sọ fún un pé lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù kọfí dé àdúgbò wa l'Ékòó, owó ilé fò sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kọfí náà ló gbé e sókè ni?

Ní Amẹ́ríkà, Zillow, ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣírò pé láàárín 1997 sí 2014, ilé tó wà nítòsí Starbucks fi ìdá 96 nínú 100 wọ́n sí i. Ti orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀ jẹ́ 65. Èmi ò dá kọfí lẹ́bi o. Lékèélékèé kọ́ ló ń da màlúù. Ibi tí màlúù bá ti ń jẹko ló ń bà sí. Ní 1964 ni Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti kọ ọ́ pé àwọn tó rí já jẹ ń lé òṣìṣẹ́ kúrò ládùúgbò wọn ní London. Ọdún 1971 ni Starbucks àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Síbẹ̀, ìyá alákàrà wa ò lè san owó ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìkòròdú ló kó lọ.

Bàbá bu hóró sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n bá òun bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọfí àdúgbò wa bóyá wọ́n á rà. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní arabica nìkan làwọn ń rà.