Ẹni tó kọ́ mi ní snooker kì í wo tábìlì

Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, mo padà sídìí tábìlì snooker ládùúgbò wa ní Kàbà, mo sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé bí mo bá dá wà níbẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn èèyàn tó dé, bọ́ọ̀lù ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó wọ̀ ọ́ báyìí, kí wọ́n ní ẹni tó bá pàdánù ni yóò sanwó géèmù, ó parí.

Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ tó bú mi: mo mọ̀ pé ohun tí à ń pè ní snooker lọ́dọ̀ wa, pool ni. Tábìlì snooker gidi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ tó 6, bọ́ọ̀lù pupa 15 ló ń wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú aláwọ̀ mẹ́fà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti gbá lórí irú ẹ̀, ní Àbújá, ojú sì tì mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí apá ṣe ń rìn kò yàtọ̀, ẹ jẹ́ n máa pè é ní snooker bí gbogbo wa ṣe ń pè é.

Ẹni tó là mí lójú, mẹkáníìkì ọ̀kadà ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, kì í tilẹ̀ wo ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, sítíìkì mi ò tíì kan funfun, bọ́ọ̀lù tí a fi ń gbá àwọn yòókù, mo gbọ́ tó ní, "Kò ní wọlé." Kò sì wọlé. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń ṣépè fún mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, etí ni mo fi ń wò ọ́. Èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, o ra ṣọ́ọ̀kì, o rìn, o bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ 'kó'. Eléyìí, o ra ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, o rìn lọ, o rìn bọ̀, o wá dákẹ́. O dákẹ́ títí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mísì, ṣé mo nílò kí n tú u kí n tó mọ̀?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé fóònù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gba fídíò ara mi. Bọ́ọ̀lù tó rọrùn, n kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ẹ̀ tí mo fi ń gbá a. Èyí tó le, mo lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ fún méjìlá, apá á ti gan. Èyí tó rọrùn ni mo ń sáré pa, èyí tó le ni mo ń bá ṣèpàdé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yára bíi Ronnie O'Sullivan, ògbóǹtagí olùgbá snooker ará Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ní 1997 ní Sheffield, nínú ìdíje àgbáyé, ó kó máàkì 147 lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìṣẹ́jú 5 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2005, nínú ìdíje àgbáyé kan náà, Peter Ebdon lo ju ìṣẹ́jú 5 lọ láti kó máàkì 12 péré, Ronnie ọ̀hún ló ń bá gbá a, Ebdon sì nà án. Olúkúlùkù ló mọ ìrìn ara rẹ̀. Èmi ni n ò ní ìrìn kankan.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí. Orí ìdúró ni mo ti ń parí ìrònú: bọ́ọ̀lù wo, ihò wo, ibo ni mo fẹ́ kí funfun dúró sí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, kò sí àpérò mọ́. Bí ọkàn mi bá yí padà, mo máa ń dìde, n óò sì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àní bí wọ́n ń pariwo "gbá a jàre!" lẹ́yìn mi. Èyí ló nira fún mi jù, torí ó ń tini lójú láti dìde lórí bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé rí pé ó rọrùn.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: sítíìkì á lọ, á bọ̀, kò ní kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹnu ihò, ì báà jẹ́ èyí tó wà ní òpin tábìlì. Ẹlòmíì lè fẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, kó ṣáà má máa yí i. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mo dá ẹnu sítíìkì dúró lẹ́bàá funfun, mo rí i pé ibi tí mo fẹ́ gbá gan-an ló dojú kọ, mo gbójú sára bọ́ọ̀lù tó ń lọ sílé, mo wá rọra fa apá sẹ́yìn. Ẹni tó bá já a sẹ́yìn, èjìká rẹ̀ á bá a lọ, ẹnu sítíìkì á sì ti yà. Bó bá dé ẹ̀yìn, ó ń sinmi díẹ̀, bí ọmọ odó ṣe ń sinmi lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀ sórí iṣu. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ ibi tí mo ń sọ yẹn.

Gbogbo ẹ̀, láti ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Nínú ìdíje Shoot Out, níbi tí wọ́n ti ń ká àkókò mọ́ olùgbá lórí, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n ń fún un fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń di 10 bó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí géèmù parí. Àyè wà níbẹ̀ dáadáa.

Ti agbára ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, mo máa ń fa sítíìkì gùn sí i ni, n kì í fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Sítíìkì sì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí funfun wà tẹ́lẹ̀, kó má kàn án kó sá padà. Lákòókò ọyẹ́, aṣọ orí tábìlì á gbẹ, bọ́ọ̀lù á máa sá. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á mú un lọ́ra, èmi á sì máa fi ìbínú gbá a. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀.

Láàárọ̀, mo máa ń gbá funfun nìkan láti ìdí tábìlì dé òdìkejì, kó padà wá kan ẹnu sítíìkì tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá yà, mo ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. (Bí tábìlì yín bá tẹ̀ bíi tiwa, ẹ kọ́kọ́ mọ ìhà tó tẹ̀ sí.) Ogún ìgbà ni kí n tó to bọ́ọ̀lù. Ó ń súni, n ò ní purọ́.

N ò sì tíì gbọ́n tán. Ní Kérésì tó kọjá, àwọn ará ilé ti Àbújá àti Èkó dé, èrò kún ibẹ̀, ó ku dúdú nìkan fún mi, lẹ́nu ihò báyìí. N ò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ fi yangàn. Dúdú wọlé, funfun tẹ̀ lé e wọlé. Mo sanwó géèmù, mo tún ra ohun mímu fún ẹni tó nà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ò yíjú, púlọ́ọ̀gì ló ń fọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ó wọlé o, ṣùgbọ́n o ti dákẹ́ jù kó tó dún." Mo wo fídíò rẹ̀ nígbà tí mo délé. Mẹ́jọ ni mo kà.