Wáyà tó gba iwájú ilé Màmá kọjá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fáíbà, okùn dígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì àti dígà ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé èmi lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ splicing tó ń so dígí pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wá láti rì wáyà mọ́lẹ̀ láti Adó gba ọ̀nà Ìkọ̀lé. Ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà yẹn, màmá àgbà kan tó ń yan àgbàdo níwájú ilé wọn gbé omi wá fún wa. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ ń rì mọ́lẹ̀ yìí?" Mo ní íntánẹ́ẹ̀tì ni, Màmá. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn máa ń gun orí àpáta lálaalẹ́ kó tó lè rí nẹ́tíwọ̀kì ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ṣé kò ní gun àpáta mọ́ báyìí? N ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Wáyà yẹn ò ní yà sí ìlú náà. Láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá ló ń lọ, iwájú ilé wọn ló kàn gbà kọjá.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ò kórìíra ìlú kékeré. Iye ilé tó wà lórí kìlómítà kan ni wọ́n ń kà, bí ilé bá sì jìnnà síra, owó tí wọ́n fi gbẹ́lẹ̀ kò ní tètè padà. Òwò ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama tí àwọn òbí wa lọ ní Èkìtì, owó tí ará ìlú dá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn ò dúró de ẹni tó máa rí èrè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ìlú kékeré fa íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ ará ìlú ni ín.

Ní 2011, àwọn ará abúlé ní Lancashire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní B4RN. Àwọn àgbẹ̀ jẹ́ kí wáyà gba oko wọn kọjá láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ra ìpín, àwọn kan fi agbára wọn gbẹ́ ilẹ̀. Gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá ló ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀wẹ̀ ni àwọn èèyàn yìí bẹ ara wọn. Ohun tí bàbá tiwa fi ń kọ́ ilé ni wọ́n fi fa íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́ ìṣirò ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú GPON, ìyẹn ètò tí ilé púpọ̀ fi ń pín okùn dígí kan lò, okùn kan ṣoṣo ló ń jáde láti ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára OLT, àpótí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú dígí; splitter, ohun kékeré tó ń pín ìmọ́lẹ̀, á wá pín in fún ilé 32. Ìmọ́lẹ̀ tí a ní láti ná, lórí oríṣi tí wọ́n ń pè ní B+, jẹ́ 28 dB (dB la fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù). Kìlómítà wáyà kan ń jẹ nǹkan bíi 0.35 nínú rẹ̀. Splitter 32 nìkan ń jẹ nǹkan bíi 17. Ẹ wò ó: ohun kékeré tí ẹ lè fi ọwọ́ kan dì mú ń jẹ ju wáyà tó gùn ní 40 kìlómítà lọ! Torí náà, bí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé ilé kan dáadáa, ẹ má sáré lọ hú ilẹ̀. Ẹ yẹ splitter wò, kí ẹ sì nu orí connector, ẹnu tí a fi ń ki wáyà bọ ẹ̀rọ. Ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú dígí ò ju micron 9 lọ, irun orí yín nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo lè dí i. Lóṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, inú ọkọ̀ tí mo ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ ni mo ti ń ṣe splice.

Ohun tó mú mi gbà pé iṣẹ́ yìí bá Èkìtì mu ni pé láàárín OLT sí ilé oníbàárà, kò sí nǹkan kan tó ń lo iná. Ojú kan ṣoṣo lẹ máa gbé sólà àti bátìrì sí. Àpáta wa ló le. Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ rì í. Níbi tó bá ti jẹ́ àpáta, ẹ fi òpó gbé e, kí ẹ sì máa ro abẹ́ òpó kí iná ìgbẹ́ tó dé.

Ẹ mọ òfin náà. Ní Chattanooga, ní Tennessee, ilé-iṣẹ́ mànàmáná tí ìlú ni, EPB, ti ń ta gígábíìtì kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti 2010. Síbẹ̀ òfin ìpínlẹ̀ ò jẹ́ kó tà á kọjá ibi tó ń gbé iná dé, àwọn aládùúgbò tó wà lódì kejì ààlà kàn ń wò ó ni. Níbí, ẹni tó bá fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀. Ní ti owó ojú ọ̀nà, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà kí a tó lè rì wáyà sí etí ọ̀nà, ìjọba Èkìtì dín in kù gan-an ní 2020.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Dígí tó wà nínú ilẹ̀ lè lò ju ogún ọdún lọ. OLT, àpótí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá ni dígí lè pààrọ̀ ẹni tó ń tà á ní íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkigbà tí ìwà onítọ̀hún ò bá dára. Ìlú tí kò ni dígí, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀. Ní Stockholm, láti 1994 ni ilé-iṣẹ́ tí ìlú ni, Stokab, ti ń rì wáyà tó sì ń fi yá gbogbo ẹni tó bá fẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í ta íntánẹ́ẹ̀tì fún onílé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó gọbọi wá pé òun fẹ́ ra dígí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan ará ìlú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Côte d'Ivoire, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n lára. Kò sí wáyà àdúgbò tó lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùtajà méjì tí wáyà òkun wọn yàtọ̀ ni kí ẹ ti máa ra dàtà, bí owó bá ká a.

Owó ló dá íntánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ àdúgbò tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣe dúró. Ilé 34 ni. Ní ọdún kìíní, gbogbo owó oṣù la fi ra dàtà, inú gbogbo wa dùn pé ó yára. Mo wà nínú ìpàdé tí a ti pín ìnáwó náà, n ò sì béèrè owó àpótí tuntun. Àrá wá sán lọ́dún kejì, OLT jóná, kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà bẹ́ẹ̀. Ilé 11 kò padà mọ́. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ sí ètò tí kò bá yọ owó àpótí sọ́tọ̀ lóṣooṣù kí wọ́n tó ra dàtà, ní àkáǹtì tí èèyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí.

Níbẹ̀ náà ni katapílà ti gé wáyà wa. Ọjọ́ méjì la fi wá ojú ibi tó já, torí orí ẹnì kan ṣoṣo ni máàpù wà, onítọ̀hún sì ti lọ Èkó. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìjìnnà sí òpó, ìjìnlẹ̀ ihò, àwọ̀ okùn tó lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, búlúù, ọsàn, ewéko, títí dé ìkejìlá.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Màmá ti fẹnu kò báyìí pé àwọn máa fa íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa wọn ọ̀nà láti ilé-ìwé girama dé ààfin. Ẹ gbé téépù gígùn àti ìwé wá, torí ẹ̀yin lẹ máa ya máàpù náà.