Oṣù Òkúdù, Oṣù Òwìwí

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ya fọ́tò òwìwí kékeré, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní little owl, níbi tó ti ń fò, oṣù yìí gan-an ni kó jáde. Láwọn oṣù yòókù, ẹyẹ yìí lè jókòó sórí ẹ̀ka kan láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa tòògbé, kó má tilẹ̀ mira. Ṣùgbọ́n tó bá ti ní ọmọ nínú ihò igi, àyè oorun ò sí mọ́. Ebi ọmọ á lé e jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Níhìn-ín ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá lásìkò yìí kí oòrùn tó wọ̀, torí náà mo lè ti ibi iṣẹ́ dé, kí n jẹun, kí n sì tún rí ìmọ́lẹ̀ lò.

Igi óákù àgbà kan ló wà létí pápá àgùntàn, ẹ̀ka ńlá kan ti ya lára rẹ̀ nígbà kan, ibẹ̀ ló sì di ihò. Àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà gbà fún mi kí n máa gbé mọ́tò síbi géètì. Inú mọ́tò ni mo máa ń wà, mo á sọ gíláàsì kalẹ̀, mo á gbé lẹ́ǹsì lé orí àpò kékeré tí mo rọ ìrẹsì sí. Mọ́tò ti mọ́ àwọn ẹyẹ náà lójú. Èèyàn tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì ni wọn kì í fẹ́ rí.

Ẹyẹ náà kéré lóòótọ́. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bíi gíráàmù 180. Kì í fò lọ tààrà: á ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan, á pa á mọ́ra, á já wálẹ̀ díẹ̀, á tún ju apá, gẹ́gẹ́ bí àkókó ṣe ń fò. Ilẹ̀ ilẹ̀ ló máa ń gbà, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, ìgbà tó bá dé ìdí òpó tó fẹ́ bà lé ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè lójijì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kéèyàn máa fi lẹ́ǹsì lé e kiri inú afẹ́fẹ́. Ibi tó ti ń gbéra àti ibi tó ń bà sí ni kéèyàn mọ̀.

Àmì ìgbéra rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹyinjú òwìwí ò lè yí nínú ihò ojú rẹ̀, orí ló ń bá a yí i. Tó bá rí nǹkan nínú koríko, á na orí sókè, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á gbé e sọ́tùn-ún, á gbé e sósì, kó lè mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe jìnnà tó. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Á tẹ̀ síwájú, ìyẹ́ àyà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara, èékánná rẹ̀ á tú kúrò lára igi. Ìgbà yẹn ni kéèyàn ti tẹ bọ́tìnì. Téèyàn bá dúró dìgbà tí apá là, ẹ̀ka lásán ló máa yà.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án òní, ekòló sì jáde. Ìyá wọn ò sinmi. Ó ń bà sórí òpó, ó ń sọ̀ sílẹ̀, ó ń padà sí ihò igi. Mo ṣètò kámẹ́rà kó máa ṣí ojú fún ìdá kan péré nínú 3200 ìṣẹ́jú àáyá, torí ohun tó bá lọ́ra ju ìyẹn lọ, ṣóńṣó apá á ti pò mọ́ra. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, dé 12800. Mo mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí fọ́tò: gbogbo ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ rí hóró hóró bíi gàrí. Síbẹ̀, ẹ wo apá òsì rẹ̀ tó nà tán, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ìyẹ́ kọjá. Ẹ wo ekòló tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ wo ojú ìyeyè méjèèjì tó tẹ̀ mọ́ ihò igi.

Àwọn kan máa ń da ìdin sórí òpó, wọ́n á to fíláàṣì yí i ká, wọ́n á sì gba fọ́tò tó mọ́ lóló. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹyẹ tó wá jẹ oúnjẹ wa nìyẹn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run bá fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Iye wọn sì ń dín kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò yẹ ká tún dí wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn bíi Lord Lilford ní Northamptonshire àti Meade-Waldo níhìn-ín ní Kent ló kó wọn wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó máa dùn mí gan-an bí wọ́n bá pòórá lójú wa.

Ìyá tó bá ní ọmọ, kí á bọ̀wọ̀ fún un. Òwìwí igbó (tawny owl) kan ló gba ojú òsì Eric Hosking, àgbà ayàwòrán ẹyẹ, lọ́dún 1937, níbi tó ti fẹ́ ya ẹyẹ náà nídìí ìtẹ́ rẹ̀.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n pè mí kíá. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹyẹ òru lo ń bá ṣeré?" Ẹ̀rù wọn ò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣe ni wọ́n ń sọ òkò pa òwìwí tó bá ké nítòsí ilé, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ eku tó ń jẹ àgbàdo wa ló ń pa.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ló gbé."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mélòó ló bí?"

"Mẹ́ta ni mo rí, mà."

"Olúwa á dá wọn sí."

Inú mi dùn sí ìyẹn ju fọ́tò fúnra rẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ ní òun máa gé koríko pápá kejì lọ́jọ́ Sátidé. Tí koríko bá ti kúrú, kòkòrò ò ní ríbi sá sí, ibẹ̀ sì ni àwọn òbí náà máa gbà lọ ṣọdẹ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé mọ́tò wọ ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn mi.