Bẹ́ẹ̀ni Kan Tó Fẹ́ Lé Mi Jáde Nílé

Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ti di arúgbó. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá wẹ̀, màá mu ẹ̀kọ tán, kó tó jí. Mo bá tu owó jọ, mo wọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra tòkunbọ̀ kan.

Ó wá ku ímeèlì. Thunderbird, ètò kan tí wọ́n fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní POP3 ni mo sì fi ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà gan-an ni lẹ́tà mi ń gbé, kì í ṣe orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ímeèlì, bíi tàwọn tó ń lo ọ̀nà kejì, IMAP. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ló là mí lóye. "Ẹ̀gbọ́n, fódà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní profile ni. Ẹ fi fláàṣì kó o, ẹ gbé e síbi tó yẹ nínú tuntun. Páásíwọ́ọ̀dù o, àdírẹ́sì o, gbogbo ẹ̀ á tẹ̀lé e."

Òótọ́ ló sọ. Èyí tí mi ò pè pàápàá tẹ̀lé e.

Lọ́dún 2019, òjò kan rọ̀ lóru, ó ń kán sórí ibùsùn wa. Mo fìbínú dìde, mo kọ̀wé sí ọmọ láńlọ́ọ̀dù tó ń gbowó ilé láti London: òrùlé bàbá rẹ̀ ti di ajere, màá kó jáde lópin oṣù. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bá tẹ Send Later, pé kó fi ránṣẹ́ tó bá yá, lẹ́tà wọ Outbox, ibi tí lẹ́tà tí kò tíì lọ ń dúró sí. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, inú mi ti rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣí Thunderbird, á bi mí bóyá kóun fi lẹ́tà tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, màá ní rárá. Ó ti di ẹ-káàárọ̀ láàárín àwa méjèèjì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pa á rẹ́. Lẹ́tà náà dùn-ún kà ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ tuntun ti bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ṣé o gbà? Bẹ́ẹ̀ni. Ṣé kí n tẹ̀síwájú? Bẹ́ẹ̀ni. Ṣé kí n fi lẹ́tà tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́? Bẹ́ẹ̀…

Kò ju wákàtí kan lọ tí èsì dé. "Ẹ ṣé, sà. A ti rí nótíìsì yín. Ẹnì kan ti ń wá irú ilé yẹn, á wá wò ó ní Sátidé."

Ìyàwó mi ń yọjú léjìká mi. "Dádì, nótíìsì wo?"

Òrùlé ọ̀hún, wọ́n ti tún un ṣe láti 2020! Owó ilé ò sì gbówó lórí rí. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ gígùn, bí mo ṣe fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ̀lé e. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ bá wọ Outbox.

Ni mo bá pe London. Ọmọ tí mo máa ń ra gúgúrú fún kó tó wọ báàlúù, òun náà ni mò ń pè ní "ẹ̀yin". "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó wá ní Sátidé."

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín ò jáde dáadáa."

Ìyàwó mi gba fóònù. "Ẹ má bínú, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni."