Ọ̀bẹ Tí Mo Pọ́n De Erin

Lálẹ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2024, Equatorial Guinea na Côte d'Ivoire tí wọ́n ń pe ikọ̀ wọn ní Erin, ní góòlù mẹ́rin sí òdo nínú ilé ara wọn, ní pápá Ebimpé, nínú ìdíje bọ́ọ̀lù ife ilẹ̀ Áfíríkà. Mo wà ní pálọ̀ mi ní Òṣogbo, mo gbé fóònù, mo sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Àbíjàn: "Erin ti wó o! Ẹ mú ọ̀bẹ wá!" Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ó gbọ́ ọ, mo rí àmì búlúù, ṣùgbọ́n kò fèsì. Mo rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́rú, 7 oṣù Èrèlé, Kelechi Iheanacho gbá pẹnárítì tó kẹ́yìn wọlé ní Bouaké, a fi 4-2 lé South Africa kúrò lọ́nà. Ta ni yóò bá wa wọ àṣekágbá? Àwọn Erin yìí kan náà. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyàwó mi ní, "Ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo ní Èjìgbò. Ó ní, "Lóru yìí?" Mo ní láàárọ̀ kùtù ni, àti pé Èjìgbò kọ́ ni mo ń lọ gan-an, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ wọkọ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú wa lè má mọ̀ pé láti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ sí Àbíjàn. Láti ayé àwọn bàbá wa àgbà ni wọ́n ti ń ṣòwò lọ síbẹ̀, débi pé agboolé tí kò lẹ́nì kan lọ́hùn-ún kò pọ̀. Lọ́jà Èjìgbò, obìnrin méjì lè máa fi Faransé dúnàádúrà, kò sẹ́ni tí yóò bojú wẹ̀yìn. Anango ni wọ́n ń pè wá ní Côte d'Ivoire. Mi ò dé ibẹ̀ rí ṣáájú ọdún yẹn, ìtìjú ni mo fi ń sọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ibodè dà yín láàmú. Sèmè, Hillacondji, Aflao, Elubo: mẹ́rin ni. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan gba káàdì àjẹsára mi, ó dojú rẹ̀ kodò, ó wò ó títí, ó ní kò pé. Mo sanwó. Ìgbà kẹta tí mo sanwó báyìí ni mo ṣíwọ́ kíkà á.

Ẹni tó mú ìrìnàjò náà dùn ni ìyá kan tó jókòó tì mí, tó ti àpò èlùbọ́ méjì bọ abẹ́ ìjókòó. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Àbíjàn. Nígbà tó rí jẹ́sì aláwọ̀ ewé tó yọrí nínú báàgì mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ẹ má gbára lé ẹyọ kan tẹ́ ẹ fi nà wọ́n lọ́jọ́ kejìdínlógún. Àwọn tẹ́ ẹ nà nígbà yẹn kọ́ ló ń bọ̀ yìí. Àwọn yẹn ti kú."

Ó wá ṣàlàyé ikú náà fún mi. Lẹ́yìn góòlù mẹ́rin yẹn, wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, máa lọ sílé. Wọ́n lọ bẹ Faransé pé kí wọ́n yá àwọn ní Hervé Renard, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ obìnrin wọn, Faransé kọ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé igbákejì lọ́wọ́, Emerse Faé, tí kò tíì ṣe olórí ikọ̀ àgbà kankan rí. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń retí kí ẹlòmíràn gbà wọ́n, títí Morocco fi na Zambia ní 1-0, tí wọ́n fi rá pálá wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi pẹnárítì lé Senegal, tó gba ife tó kọjá, lọ. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n fi gbá Mali láti ìgbà tí ìdajì àkọ́kọ́ kò tíì parí. Wọ́n dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, Oumar Diakité sì gbá èkejì wọlé nígbà tí àfikún àkókò ń lọ sópin, ó bọ́ ẹ̀wù fi yọ̀, rẹfirí lé e jáde! Ìyá yìí ń fi ọwọ́ gbá èlùbọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Découragement n'est pas ivoirien," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí lọ́hùn-ún: ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ àwọn.

Mo ní, "Ìyá, àwa ní Osimhen."

Ó ní, "Ẹ ní i."

Àárọ̀ Sátidé la dé. Àbúrò ìyá mi ń gbé ní Treichville, ilé rẹ̀ kún fún ìsáré ọmọ àti òórùn ẹja díndín. Ọmọ rẹ̀ tí mo fi ohùn ránṣẹ́ sí jáde wá nínú jẹ́sì aláwọ̀ ọsàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bonne arrivée." Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Mo gbà pé ó ti gbàgbé.

Lọ́sàn-án, èmi àti rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá kọjá ọ̀sà lọ sí Plateau. Mo fẹ́ fojú ara mi rí pápá Félix Houphouët-Boigny, tí wọ́n ń pè ní Félicia. South Africa àti DR Congo ni yóò gbá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà fún ipò kẹta, àwọn tó ń ta fèrè àti àsíá ti gba ẹ̀bá ògiri. Ohun tí mo wá wò yàtọ̀. Níbẹ̀ ni Cameroon ti gba ife lọ́wọ́ wa lóṣù Ẹrẹ́nà, 1984. Mo kéré nígbà náà, orí rédíò bàbá mi la ti gbọ́ ọ. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tí Cameroon gba èkejì wọlé, ó pa rédíò. Ó ní òun ń tọ́jú bátìrì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó gbọ́ pé 3-1 ni.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, lórí koríko kan náà, Ademola Lookman gbá méjì wọlé Cameroon láìsí èsì. Mo dúró níwájú géètì, mo ní gbèsè ti tán.

Ọmọ àbúrò ìyá mi bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà máa ń jókòó bẹ́ ẹ bá ti gbá ẹyọ kan wọlé?"

Inú bí mi, nítorí mo mọ̀ pé kò parọ́. Ìgbà tí a bá wà nísàlẹ̀ ni a máa ń mọ ìjà jà. Dammam, 1989: àwọn ọ̀dọ́ wa ti jẹ ìyà mẹ́rin lọ́wọ́ Soviet, wọ́n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n fi pẹnárítì borí. Tunis, 1994: Zambia ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, Amuneke dá a padà, ó sì fi èkejì lé e. Òlíńpíìkì Atlanta, 1996: Brazil fi 3-1 ṣáájú wa kí Kanu tó dé wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Italy ní ife àgbáyé 1994. Àwa la ṣáájú, èèyàn mẹ́wàá ló kù lára wọn, ìṣẹ́jú méjì péré ló kù, Roberto Baggio dá a padà, ó sì fi pẹnárítì lé wa sílé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè mú 1980 àti 2013 jáde, tí a ṣáájú tí a sì gba ife Áfíríkà, mo gbà. Síbẹ̀, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí ìṣẹ́gun bí ẹni pé ìsọjí ni, tí wọ́n ń fi gbààwẹ̀, kò yé mi. Lójú tèmi, iṣẹ́ ni. Ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀lé góòlù ni.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé o. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Àìkú.

Apá mi kò ká owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lójú pópó, nítorí náà iwájú ilé la gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan kọ́nà wọlé ní ìṣẹ́jú 38, mo fò sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì dojú dé, àtíẹ́kẹ́ aládùúgbò, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, dà sílẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo pe ìyàwó mi: "Ó ti parí!" Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, mo sọ ọ́ fún òun náà.

Ìdajì kejì dé, àwọn ọmọ wa lọ to ara wọn síwájú ilé bí ẹni tó ń ṣọ́ ọkà. Aláwọ̀ ewé mẹ́sàn-án ni mo kà nínú ìdajì pápá tiwa, mo tún un kà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ṣíbí mú, kò gbé e dénu. Ní ìṣẹ́jú 62, Adingra tiwọn gbá kọ́nà, Kessié fo sókè, ó kàn án wọlé. Ní ìṣẹ́jú 81, Adingra tún gbé bọ́ọ̀lù wọ inú láti ẹ̀gbẹ́, Haller sì na ẹsẹ̀ síwájú Troost-Ekong, ó fi orí bàtà tọ́ ọ. Haller tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ ní 2022, tó sì bá a jìjàkadì! Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìrẹ̀wẹ̀sì lè mú un?

Nígbà tó parí, fóònù mi kún fún èébú tí wọ́n ń bú Alex Iwobi, agbábọ́ọ̀lù wa. Èmi náà ti tẹ ọ̀rọ̀ kan kí n tó rántí ìpè méjì tí mo ṣe nígbà ìsinmi. Mo pa á rẹ́.

Àdúgbò ò sùn. Àbúrò ìyá mi so gèlè mọ́dìí, ó ń jó. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà?" Ó ní, "Ibi tí mo bí ọmọ mẹ́rin sí nìyí. Ṣé kí n máa bá ọ sunkún ni?"

Nǹkan bí aago kan òru, ọmọ rẹ̀ gbé fóònù dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu orin. Orin dákẹ́. Ohùn kan bú jáde tí gbogbo òpópónà gbọ́: "Erin ti wó o! Ẹ mú ọ̀bẹ wá!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín, lẹ́yìn ẹ̀rín ni ikọ́. Àwọn Anango kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dúró kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n wá rẹ́rìn-ín ju tiwọn lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀bẹ dà?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọkọ̀ padà. Bí a ṣe ń tò ní Aflao, fóònù mi gbọ̀n. Ohùn ni ó fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Òun náà ṣì ń retí àmì búlúù.