Sáńwíìṣì Ọ̀gá Ò Pé

Mi ò tíì lò ju oṣù méjì lọ ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo fi sáńwíìṣì mẹ́ta dá ìjà sílẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọ̀gá wa ní ká kó gbogbo páálí apá òsì lọ sápá ọ̀tún. A ò tíì nu òógùn tán tó ní ká dá wọn padà. Bàbá òyìnbó tí a jọ ń gbé páálí mí kanlẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí pé sáńwíìṣì ọ̀gá ò pé fún píkíníkì, ó ku díẹ̀.

Àánú ọ̀gá ṣe mí. Àṣé ebi ló ń pa á! Ebi kì í kúkú wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a lọ jẹun ọ̀sán, mo sáré ré títì kọjá, mo ra mẹ́ta: ẹlẹ́yin méjì, ẹlẹ́ja kan. Mo ṣírò owó rẹ̀ sí náírà, àyà mi já, mo tún ní kò burú. Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo tẹríba, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀rá náà síwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní sáńwíìṣì yín ò pé fún píkíníkì, sà. Ẹ fi èyí kún un."

Ọ̀gá wo ọ̀rá, ó wò mí. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ata tó ń pọ́n lórí igi.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Kí bàbá náà lè rí nínú ọpẹ́, mo nawọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí wọn.

Ìgbà tí bàbá jáde lọ́dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n tó là á yé mi: orí ọ̀gá ò pé ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ wa náà nìyẹn! Orí làwa ń kà, àwọn ń ka búrẹ́dì. Wọ́n ní àwọn mìíràn á ní ṣílè onítọ̀hún ò pé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1971 ni wọn ò ti fi ṣílè ka owó mọ́. Wọ́n tún ní adán a máa wà nínú ilé agogo ẹlòmíì, ẹlòmíì á sì ya wèrè bí aránfìlà. Ti aránfìlà yìí nìkan ló yé mi: mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń ṣe fìlà láyé àtijọ́ ló ń gbọ̀n wọ́n lọ́wọ́, tó sì ń da orí wọn rú.

Ẹ gbà mí o. Nílé, tí wọ́n bá ní ó yẹ kí wọ́n gbé ọ lọ sí Aro, ta ló máa wá san owó ọkọ̀ Abẹ́òkúta fún ọ?

Bàbá ò kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lálẹ́, mo pe ìyàwó mi n'Íbàdàn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ wá fowó ara yín rà á ńkọ́, Bàbá Ire? Mélòó ló kù kí tiyín pé?"