Fìtílà Tí Mo Fi Tíì Márùn-ún Rà

Ó ń rọ̀ dirodiro lókè pálọ̀ mi báyìí bí ilé agbọ́n, kò sì tíì tàn rí. Àlejò tó bá wọlé á ní, "Fìtílà yìí mà rẹwà o!" Èmi á ní ẹ ṣeun. Kí ni kí n tún sọ?

Àǹtí mi ló fà á. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Ọjà aṣọ ni wọ́n lọ rà ní Laleli, ní Istanbul. Ẹrù gbígbé ni tèmi. Seri ni wọ́n ń tà fún ọlọ́jà níbẹ̀, ìyẹn ìdì kan tí sáìsì kékeré, àárín àti ńlá ti wà pọ̀, àwọn oníkágò á wá fi kílò wọ̀n ọ́n. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, èjìká mi kan ti ga ju ìkejì lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wo ọjà àtijọ́ tí gbogbo ayé ń sọ. Wọ́n ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi, bàbá ọmọ méjì.

Téèyàn bá wọ tíráàmù T1 ní Laleli, ibùdó tó tẹ̀lé e, Beyazıt, ni yóò ti sọ̀. (Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, tìtì ni wọ́n ń tì í.) Kapalıçarşı ni wọ́n ń pe ọjà náà, ọjà tí wọ́n bo lórí. Láyé Sultan Mehmed Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, lẹ́yìn tó gba ìlú náà ní 1453. Òpópónà inú rẹ̀ lé ní 60, ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì tó 4,000. Gbogbo èyí ni mo ti há sórí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé téèyàn bá ti wọ abẹ́ òrùlé rẹ̀ tó nípọn yẹn, orí máàpù inú fóònù á dàrú. Àmì búlúù tó yẹ kó fi ibi tí mo wà hàn ń fò kiri bí tata.

Òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Kalpakçılar, ojú títì àwọn aránfìlà nígbà kan rí, àmọ́ góòlù ló kún ibẹ̀ báyìí. Láti ẹnubodè Beyazıt, ó lọ tààrà dé ẹnubodè Nuruosmaniye. Ẹni tí kò bá yà kúrò lójú rẹ̀ kò lè sọnù.

Mo yà. Ológbò kan ló sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, mo ní kí n lọ yà á ní fọ́tò.

Àwọn ọlọ́jà ń ké mọ́ mi, "Buyurun! Buyurun!" Mo ní bú ta ni? Kí ni mo ṣe? Àṣé "ẹ máa bọ̀ wá wò" ni wọ́n ń wí. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ onífìtílà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fi àfọ́kù dígí aláràbarà lẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ ni. Mo kàn án pẹ́pẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n: dígí gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ike kì í tutù. Ó dá iye lé e. Mo ná an sí ìdajì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá.

Ọmọdékùnrin kan gbé e dé lórí abọ́ pẹrẹsẹ tó so rọ̀ mọ́ irin mẹ́ta, ó ń fì í, ẹ̀kán kan ò dà. Ife náà ò ní etí, ìbàdí rẹ̀ há bíi ti omidan. Etí ẹnu rẹ̀ lókè ni wọ́n ń fi ìka méjì dì mú, torí tíì ò dé ibẹ̀. Èmi gbá a mú níkùn. Àtàǹpàkò mi kọrin.

Mo mu ún tán, mo wá lo ọgbọ́n tí mo máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Balógun: dá iye tìrẹ, kọ̀yìn sí i, máa lọ, yóò pè ọ́ padà. Mo kọ̀yìn, mo ń lọ. Kò pè mí. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo kọjá lára Cevahir Bedesten, ilé àtijọ́ tó wà láàárín ọjà náà, mo tún yà, mo bá ara mi níwájú onífìtílà.

Ó rò pé fìtílà ni mo padà wá bá. Tíì kejì.

Mo tún fìbínú lọ. Mo tún bá ara mi níbẹ̀. Tíì kẹta. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ oní-tíì ti rí mi lókèèrè, ó ti ń bu ṣúgà. Nínú Bedesten náà, mo ti ráyè ka òrùlé tó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: 15 ni, ẹ lè lọ kà á.

Tíì márùn-ún nínú ènìyàn kan kì í ṣe kékeré. Mo rí ilé ìtọ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń gba owó onírin, ìwé owó lírà ńlá ló sì kù lápò mi. Ta ni mo mọ̀ ní gbogbo Istanbul tó lè bá mi ṣẹ́ ṣẹ́ńjì?

Ó ní òun ní ṣẹ́ńjì, tí mo bá ra fìtílà. Ẹni tó ti ká ẹsẹ̀ kan mọ́ ìkejì kì í nájà. Iye tó kọ́kọ́ dá lé e ni mo san, mo tún ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé òun ń dì í, kó yá ni.

Mo délé, mo rí i pé ẹnu gílóòbù rẹ̀ ni onískúrúù tínínrín tí wọ́n ń pè ní E14. Onípíìnì àti onískúrúù ńlá E27 ló kún àdúgbò mi. Ẹnu plọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ ìka roboto méjì, ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin ló wà lára ògiri mi. Rẹwáyà wá, ó wò ó, ó ní kí n fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Àmọ́ Àǹtí mi ni mò ń bínú sí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá ọkùnrin yẹn gan-an, wọ́n ra méjì ní iye tí mo ra ọ̀kan, ó tún fi gílóòbù mẹ́rin ṣe ènì fún wọn. Tiwọn ń tàn ní Súrùlérè bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo bi wọ́n pé ọgbọ́n wo ni wọ́n dá.

"Mo dá iye tèmi, mo kọ̀yìn sí i, mò ń lọ," ni wọ́n wí. "Èmi sì mọ ibi tí mò ń lọ."